Ohun Tó Wà Nínú Ẹ̀kọ Dákọ́nì

Àárín tábìlì oúnjẹ àti ẹnu ọ̀nà ni Dákọ́nì Akínwándé Afọláyan ṣubú sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti mu ẹ̀kọ gbígbóná rẹ̀ tán, ó ti fi àkàrà tì í lẹ́yìn, ó ní kí òun jáde lọ wo ojú ọ̀run bóyá òjò á jẹ́ kí òun rí oko lọ. Bó ṣe dìde báyìí, ẹsẹ̀ kò gbé e. Ó nawọ́ mú férémù ilẹ̀kùn, ọwọ́ yọ̀, ó bá jókòó sílẹ̀ gbìì bí àpò ẹ̀gẹ́.

"Bàbá Níkẹ́!" Ọláwùmí, ìyàwó rẹ̀, sáré jáde láti ilé ìdáná.

"Kí lò ń pariwo fún? Mo jókòó ni."

"Ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà?"

"Ṣé ulé mi kọ́ ni?"

Ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ń pa dé. Òógùn tútù bo iwájú orí rẹ̀. Níkẹ́, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà n'Ìbàdàn, tó wá lo ọlidé nílé, kúnlẹ̀ tì í, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Iṣan náà á lù, á sinmi, á tún lù.

"Dádì, ẹ ò sùn ni?"

"Mo sùn. Oorun ni mò ń sùn ṣáá."

Òótọ́ ni. Gbogbo ìjọ ló mọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, níbi tí Dákọ́nì ti ń gbé igbá ọrẹ kiri, ó sùn lórí ìdúró níwájú àwọn ìyá àgbà, igbá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, títí ẹnì kan fi gbà á. Imú rẹ̀ náà dí pa bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn mú, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀fìnkìn. Wọ́n fi ṣe ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó fà á.

Ariwo ti gbé Ìyá Gbénga dé. Ẹ̀gbọ́n Dákọ́nì ni, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú sí Ìsẹ̀, tó padà wá sí Ìkẹ́rẹ́, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú agbo ilé kan náà. Ó wo àbúrò rẹ̀ nílẹ̀, ó wo tábìlì, ó gbé ife ẹ̀kọ, ó fi ìka tọ́ ìdí ife náà, ó sì fi kan ahọ́n.

"Ó korò," ó wí.

Ọláwùmí gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni mí, ó ti bu omi sí i, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti da omi náà sí ìta.

Ẹ ò rí nǹkan. Bó bá jẹ́ pé ó fi ife náà sílẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Àmọ́ ó fọ̀ ọ́, ó sì fọ̀ ọ́ kíákíá. Ìyá Gbénga tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí, ó ń wò ó.

"Ìyàwó," ó ní, "ìgbà wo ni wọ́n ń fọ abọ́ nígbà tí ọkọ wà nílẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́sibítù ná, Mà."

Ìyá Marvellous, aládùúgbò wọn, ti yọ orí lórí ògiri kékeré tó pààlà, ọṣẹ aṣọ ṣì ń ho lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ríru ni! Mo ti sọ ọ́! Iyọ̀ ni, ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó fojú kan iyọ̀!" Nígbà tó rí i pé wọn kò dá a lóhùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbí ẹnì kan ló ṣe é ni?"

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Lékan, ọmọ àdúgbò, fi ń kó èrò ni wọ́n fi gbé e.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà lọ́nà Ìsẹ̀, wọ́n kun ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ibẹ̀ ni Dákọ́nì ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ó bínú kúrò. Wọ́n ò tíì tẹ́ ẹ sórí ibùsùn tí nọ́ọ̀sì fi bẹ̀rẹ̀.

"Kí ló mu?"

"Ẹ̀kọ," ni Ọláwùmí wí.

"Ẹ̀kọ nìkan? Àgbo ńkọ́? Ẹ má parọ́ fún mi o! Ẹ̀yin ará ibí, ẹ á ti fi egbò àti èèpo igi ba ara jẹ́ tán, ẹ á wá gbé òkú wá bá wa!"

"Kò mu àgbo."

"Oògùn tí a fún un ńkọ́?"

Ọláwùmí wo ilẹ̀. "Ó ti fi sílẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn."

"Èmi kò mu nǹkan kan," Dákọ́nì fi ohùn oorun sọ láti orí ibùsùn.

Ohun tó ń bí èèyàn nínú nìyí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, Dákọ́nì fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ nínú ilé ìwòsàn náà pé òun ń fi ìgò àgbo kan kún oògùn wọn. Wọ́n bi í, ó sì sọ òótọ́. Nọ́ọ̀sì kan gba ìgò náà, ó gbé e sókè nínú gbọ̀ngàn kí gbogbo èrò rí i, ó ní ẹ wá wo ohun tí bàbá ìjọ ń mu. Àwọn aboyún rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní Bíbélì wà ńbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó sọ nínú ilé pé òun kò mu oògùn òyìnbó mọ́, òun kò sì mu àgbo, òun ti fi ara òun lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ilé gbà á gbọ́. Gbogbo ìlú wa ló mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́ fún nọ́ọ̀sì báyìí. Àwọn tó ń pariwo ló kọ́ wa.

Dókítà tó jáde wá kéré lọ́jọ́ orí. Mobọ́lájí lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í gbé ohùn sókè. Ó di ẹ̀rọ mọ́ apá Dákọ́nì, ó wò ó, ó tú u, ó dì í mọ́ apá kejì. Ó tẹ́tí sí àyà rẹ̀ títí.

"Mà, ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́ ló gbé e ṣubú," ó wí. "Ẹ̀jẹ̀ náà ti lọ sílẹ̀ jù. Ọkàn rẹ̀ ń lù bí ẹni tó ti rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí kò lo oògùn kankan, ó yẹ kí tirẹ̀ lọ sókè ni. Nǹkan kan ló fà á wálẹ̀."

"Nǹkan bí irú kí ni?" Níkẹ́ béèrè.

"Ìyẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún mi. Mo lè fa omi sí i lára, èyí ni mo máa ṣe ná. Àmọ́ oògùn tó yẹ kí n fún un, mi ò lè mú un láìmọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀. Tí mo bá ṣì í mú, ọkàn yẹn lè dúró. Tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, tí n kò mọ̀, a ó gbé e lọ sí Adó. Kí n má purọ́, ọ̀nà yẹn ń já mi láyà."

Ó wo gbogbo wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Dákọ́nì di ojú. Ọláwùmí ń tún etí ìró rẹ̀ so. Dókítà dúró, ó dúró, ó bá lọ wo aláìsàn mìíràn.

Ìyá Gbénga fa Níkẹ́ jáde sábẹ́ páànù níta.

"Màmá rẹ ń da nǹkan sí ẹ̀kọ bàbá rẹ."

"Ṣúgà ni, Mà."

"Ṣé ẹ̀yìn ṣíbí ni wọ́n fi ń lọ ṣúgà? Mo fojú mi rí i láti ojú fèrèsé. Ó fi ẹ̀yìn ṣíbí rún un lórí ìdérí kẹ́tùlù, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbọ̀n ọ́n sínú ife. Nǹkan funfun. Lónìí mo tọ́ ọ wò, ó korò. Ìwọ náà rí i bó ṣe fọ ife."

Níkẹ́ yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, síbi tí màmá rẹ̀ wà.

"Mo ti pe àwọn ẹbí n'Ẹmùré," Ìyá Gbénga ń bá a lọ. "Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Tí ọmọ ìyá mi bá kú, màmá rẹ á sọ ohun tó fi pa á fún wa."

"Ẹ pè wọ́n? Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Ohun tí mo rí."

Níkẹ́ wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó fi ohùn kékeré béèrè. "Mọ́mì, kí lẹ máa ń fi sínú ẹ̀kọ Dádì?"

Ọláwùmí wò ó títí omi fi kún ojú rẹ̀. "Ìwọ náà?" ó ní.

Níkẹ́ dìde. Ó lọ dúró síbi ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó ń wò ó bí ó ṣe ń gba ẹnu mí. Imú tó dí yẹn kò jẹ́ kó rí ìsinmi. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ n'Ìbàdàn, ó sì jẹ́ ẹni tí kì í lè fi nǹkan sílẹ̀ láìtú u wò. Ó ń rò ó. Wọ́n ti ro oko tán. Ẹ̀gẹ́ kò tíì tó wú. Kí ni bàbá yìí ń lọ ṣe lóko lójoojúmọ́, tí kì í mú ọkọ́ dání?

Ó jáde. "Ìyá Gbénga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ sóko Dádì."

"Oko kí ni? Ẹni tó wà lórí ibùsùn, oko la máa lọ?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ ugbó, èmi ò mọ̀ ọ́n. Tí mo bá rí nǹkan níbẹ̀, mi ò ní mọ ohun tí mo rí."

Bóyá nítorí pé ó pe igbó ní ugbó, bí wọ́n ṣe ń pè é nínú ilé, ni Ìyá Gbénga fi so gèlè rẹ̀ le, tó wọ kẹ̀kẹ́ Lékan.

Ọ̀nà oko náà ti ń burú. Àwọn agégi ti kó àwọn igi ńlá lọ, ohun tó kù ní ugbó kò ju èyí tó tẹ̀ lé odò kékeré náà lọ, níbi tí ẹ̀rọ wọn kò lè dé. Bí wọ́n ṣe wọ abẹ́ rẹ̀, ara tù wọ́n. Ìyá Gbénga ń rìn níwájú, ó ń fọwọ́ kan ara igi bó ṣe ń kọjá, ó sì ń dárúkọ wọn bí ẹni tó ń kí ará ilé. "Ahùn nìyí, fún ibà. Wò ó, wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ yí ká, ó ti kú. Àwọn tó ń kó o lọ tà l'Ékòó nìyẹn. Láyé ìyá wa, ẹ̀gbẹ́ kan lèèyàn ń bó."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan?"

"Kí igi náà lè fi ẹ̀gbẹ́ kejì yè."

Nínú ahéré, lẹ́yìn àwọn apẹ̀rẹ̀ kòkó, Níkẹ́ rí i: ìkòkò kékeré tí wọ́n fi ewé bo ẹnu rẹ̀, ife kan sì dojú dé lórí rẹ̀. Egbò tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ló rì sínú omi. Ìyá Gbénga gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.

"Asofẹ́yẹjẹ," ó wí. Kò tíì sọ ọ́ tán tó ti ń wá ìta kiri. Kò pẹ́ tó fi rí igi náà létí odò, igi tí kò ga, tó so èso pupa wẹ́wẹ́, ẹyẹ ń fò kúrò lórí rẹ̀. Ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ti di híhú, wọ́n sì ti fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ padà dáadáa. "Ó wà á ní ẹ̀gbẹ́ kan," Ìyá Gbénga ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ó rántí."

"Kí ló ń ṣe, Mà?"

"Ó ń rọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ bá dà rú, òun ni wọ́n ń fún un kó lè sùn. Tó bá mu ún, á máa sùn ṣáá. Imú rẹ̀ á dí."

Níkẹ́ yí padà wò ó. "Imú rẹ̀ á dí?"

"Pa bí ògiri."

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Gbénga jókòó sórí kùkùté kan, inú bí i gidigidi. "Èmi náà! Ọmọ ìyá rẹ̀! Tó bá sọ fún mi, ṣé mi ò ní bá a sè é ni? Ó fi pamọ́ fún èmi náà?" Ó mí. Ó tún le ojú. "Àmọ́ ìyẹn kì í ṣe nǹkan funfun."

Nígbà tí wọ́n padà dé, oòrùn ti ń rọ̀. Dókítà Mobọ́lájí gba egbò náà, ó ṣẹ́ ẹ, ó gbé e súnmọ́ imú. Gbogbo wọn ń dúró de ariwo. Kò pariwo.

"A kọ́ nípa èyí níléèwé," ó wí. "Inú irú egbò báyìí ni wọ́n ti ń yọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan láyé ọjọ́sí. Bàbá, ìgbà wo lẹ ti ń mu ún?"

Dákọ́nì la ojú. Ó wo egbò náà lọ́wọ́ dókítà, ojú sì tì í bí ọmọdé. "Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn."

"Ìgbà wo ni oorun náà bẹ̀rẹ̀?"

"Kò tíì pẹ́."

"Ẹ fi kún ohun tí ẹ ń mu ni?"

"Rárá. Ife kan náà ni."

Dókítà gbé egbò náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Ó ń mu ún láti ẹ̀ẹ̀rùn, kò ṣe é ní nǹkan. Láìpẹ́ yìí ló wá ń ṣubú. Nǹkan mìíràn ti lọ bá a nínú. Kí ni?"

Fáànù òkè ń yí, ó ń ké. Ìyá Gbénga lọ dúró síwájú Ọláwùmí.

"Sọ ọ́, Ìyàwó."

Ọláwùmí kò wo ojú rẹ̀. Ó tú etí ìró rẹ̀, èyí tó ti ń so, tó ń tú láti àárọ̀, ó mú páálí oògùn pẹlẹbẹ kan jáde, ó nà án sí dókítà. Ibi tó ti yọ àwọn hóró kúrò ti là.

"Oògùn yín tó ní òun kò mu mọ́ ni," ó wí. "Mo ń rà á ní kẹ́míìsì. Ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ mú Tíṣà Adéyẹyè láìpẹ́ yìí, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo lọ kí i, n kò lè sùn nígbà tí mo dé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ̀ ọ́ sí ẹ̀kọ rẹ̀. Ó ní òun kò mu nǹkan kan. Mo gbà á gbọ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ láàárọ̀?" Níkẹ́ ò tilẹ̀ mọ̀ pé igbe lòun fi sọ ọ́, pé òun sì ti sọ "o" fún ìyá òun.

Ẹ̀rín kékeré kan já lẹ́nu Ọláwùmí, ẹ̀rín tí kò dùn. "Kí n dìde níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kí n ní mò ń da nǹkan sí oúnjẹ ọkọ mi? Ta ni yóò dúró gbọ́ orúkọ nǹkan náà?"

Ìyá Gbénga wo fèrèsé.

"Iṣẹ́ kan náà ni egbò àti oògùn yìí ń ṣe, wọ́n wá jọ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀," dókítà wí, ó sì ti kọjú sí nọ́ọ̀sì, ó ń dárúkọ ohun tó fẹ́ kó gbé wá. Nọ́ọ̀sì la ẹnu, "Ẹ̀yin ará i..." ṣùgbọ́n dókítà kàn wò ó, ó pa á dé. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n tún fa omi sí i lára. Ìyá Gbénga jáde lọ pe àwọn ará Ẹmùré, ó ní kí wọ́n padà, ara ti ń yá, àlàyé pọ̀. Nígbà tí yóò fi wọlé, Dákọ́nì ti lè gbé orí sókè.

"Ìwọ ń fi oògùn sí oúnjẹ mi," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀yin ń mu egbò nínú ugbó."

"Inú ń bí mi o."

"Inú ń bí èmi náà."

Dókítà tún wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní kò sí ọ̀rọ̀ Adó mọ́. "Ó lè jẹ ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀. Àmọ́ títí di ọ̀la, oúnjẹ nìkan. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún un, tewé ni o, tòyìnbó ni o, kó sọ fún mi ná. Mi ò ní bínú. Kó ṣáà sọ ọ́."

Gbogbo wọn wo Ọláwùmí kó lọ gbé oúnjẹ wá. Kò dìde.

"Ẹni tó bá fẹ́ kó jẹun, kó lọ sè é," ó wí. "Èmi kò tún fọwọ́ kan ife rẹ̀."

Ìyá Gbénga ló lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà dé pẹ̀lú fíláàsì, ó da ẹ̀kọ sínú ife, èéfín ń yọ lórí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbé orí àbúrò rẹ̀, ó fi èkejì na ife sí i. Dákọ́nì gbà á. Ó gbé e dé ẹnu, ó bá dúró.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ẹ̀n? Èmi lo ń bi, Akín? Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà?"

"Ẹ ṣáà sọ ọ́."

"Ògì ni. Omi gbígbóná. Ṣúgà."

"Kí tún ni?"

Ọláwùmí ló béèrè ìyẹn. Kò gbé ohùn sókè. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ìyá Gbénga wo inú ife lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ó wo Níkẹ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà tí dókítà gbà jáde.

"Àgúnmu díẹ̀ ni," ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Kó lè lókun ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Gbénga na ọwọ́, ó gba ife náà kúrò lọ́wọ́ Dákọ́nì, ó gbé e lọ síta. Wọ́n gbọ́ ìgbà tí ẹ̀kọ náà bọ́ sórí koríko. Ó padà wọlé, ó gbé ife òfìfo sórí tábìlì, ó sì fẹ́ jókòó.

"Fíláàsì ńkọ́?" Ọláwùmí wí.

Ìyá Gbénga yí padà, ó mú fíláàsì náà, ó gbé e lọ síta.